Àlàájà Ròkíátù Dá Ẹrù Òjò Padà

Àwọn kan máa ń sọ pé àgbàlagbà kò bìkítà fún àyíká. Kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Wọn kò tíì dé ilé Àlàájà Ròkíátù ní Ìbàfò.

Ìsàlẹ̀ àdúgbò ni ilé náà wà, lẹ́bàá odò kékeré kan. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ní àdúgbò yẹn, bí òjò bá ti ṣú, kálukú a gbé ìdọ̀tí ilé rẹ̀ jáde, a dà á sínú gọ́tà. "Òjò á gbé e lọ," ni wọ́n ń wí. Àṣìṣe ni. Òjò kì í gbé ìdọ̀tí lọ. Ó kàn ń gbé e lọ bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni. Ẹnu odò a dí, omi a sì wọ yàrá Àlàájà.

Nígbà tí omi ba ibùsùn rẹ̀ jẹ́ lọ́dún tó kọjá, Zubair ọmọ rẹ̀, tó ń gbé ní Màgbòrò, fi àáké kọ́rí: "Ìyá mi, bí omi bá tún wọlé, mò ń kó yín kúrò níbí."

Àlàájà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dá, ó ṣa ìrépé aṣọ tó há sẹ́nu odò sínú abọ́, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọlágòkè télọ̀, ẹni tí kò tó àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ náà fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá télọ̀. Òjò ṣi ẹrù yín gbé. Mo ní kí n dá a padà."

Ọlágòkè ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Hà! Àlàájà, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni?"

"Ó tì o. Ilé mi ni mò ń gbà là. Bí òjò bá tún ṣì í gbé, màá tún wá kúnlẹ̀."

Lẹ́yìn náà, ó gbé irun àtáṣímẹ́ǹtì lọ fún Fadilah onídìrí. Fadilah rí i lókèèrè, ó sáré pàdé rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Ta ló fẹ́ kí ìyá arúgbó kúnlẹ̀ fún òun lójú ayé? Báyìí, bí òjò bá ṣú, ńṣe ni wọ́n ń de ẹnu àpò ìdọ̀tí pa, tí wọ́n ń dúró de àwọn akólẹ̀kódọ̀tí.

Nínú oṣù Keje, òjò rọ̀ láti ìdájí títí di ọ̀sán. Zubair gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó bá Àlàájà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìyá náà ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná.

"Ìyá mi, omi dà?"

"Ó ti bá tirẹ̀ lọ. Bọ́ bàtà rẹ síta o, kí o má fi ẹrẹ̀ ba ilẹ̀ mi jẹ́."