Tẹlifíṣọ̀n Lọ́ńdọ̀nù Tí Kò Lóhùn

Wọ́n ń rẹ́ wa jẹ lórí ẹ̀rọ, láti kékeré mi ni wọ́n sì ti ń rẹ́ wa jẹ. Ẹ̀rọ kan náà ni o, páálí kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe é. Tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, iye kan ni. Tó bá wọ Ìdúmọ̀tà, iye mìíràn ni, irú èyí tí èèyàn ní láti jókòó kó tó gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí ìwà yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àná ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

Àárọ̀ Sátidé kan ni. Òórùn páálí tuntun ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Àlàájì ní Ìdúmọ̀tà, òórùn fóòmù funfun àti ọ̀rá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn yẹn, inú mi á máa dùn bíi pé ọdún dé. Ìyá mi ló mú mi lọ́wọ́. Àǹkàrá ló ń tà ní Jankara, ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó, mi ò sì tíì rí ẹni tó mọ ọjà ná bíi tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún mi ni pé, "Sìkírá, ẹni tí kò bá ná ọjà, ọjà á ná an."

Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ la wá rà. Nínú agboolé wa ní Olówógbowó, kò sẹ́ni tó ní i. Ilé Ìyá Ganí, aládùúgbò wa, làwa ọmọdé ti ń lọ wòran, ìyà sì ni. Tí ìran bá ti dé ibi tó dùn gan-an, ìgbà yẹn ni Ìyá Ganí á wá rántí pé a nílé. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ dìde, ẹ máa lọ, owó iná ń lọ!" Ọ̀pọ̀ ìran ni mi ò mọ bó ṣe parí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìyá mi rí bí ojú wa ṣe máa ń rí tí a bá padà wálé, ó sì búra pé ó tó gẹ́ẹ́.

Àlàájì, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó fi làálì pa irùngbọ̀n rẹ̀ láró, pe iye. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.

"Àlàájì, tẹlifíṣọ̀n ni mo ní kí ẹ tà fún mi, mi ò ní kí ẹ ta ṣọ́ọ̀bù."

"Ìyá wa, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á."

"Àbúrò ọkọ mi ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdajì iye yìí ni wọ́n ń tà á níbẹ̀!"

"Ó dáa náà. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi kí òtútù."

Ìyá mi fà mí lọ́wọ́, a jáde. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sọ́jà mọ òfin yẹn: tí oníbàárà bá yí ẹ̀yìn padà, ọlọ́jà gbọ́dọ̀ pè é. A rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ, kí Àlàájì lè ráyè pè wá. Kò pè. Ìyá mi dúró, ó ṣe bí ẹni ń tún bàtà mi ṣe. Kò pè. Mo bojú wẹ̀yìn, ó ti ń dá ẹlòmíràn lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́rọ̀ ọjà, ó ti di ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ìyá mi ní òun kò ní tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ láé.

Bí owó ṣe gba Lọ́ńdọ̀nù lọ nìyẹn, sọ́dọ̀ Bùrọ̀dá Wàídì, àbúrò bàbá mi. Nígbà tí páálí náà padà gúnlẹ̀ sí agboolé wa, ìyá mi dúró sórí àpótí, ó ń kígbe, "Ìdajì! Ìdajì iye Ìdúmọ̀tà!" Gbogbo àdúgbò pé, Ìyá Ganí gan-an wá. Bàbá mi tan tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán yọ, ó mọ́ bí omi òjò. Obìnrin tó ń ka ìròyìn la ẹnu, a sì dákẹ́ láti gbọ́. A ò gbọ́ nǹkan kan, àfi ṣííí. A yí bọ́tìnnì títí, ṣííí náà ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà la tó gbọ́ pé ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọ tẹlifíṣọ̀n wọn lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí tiwa. Àwòrán á wọlé, ohùn á ṣìnà.

Ìyá Ganí mi orí. "Bóyá ó ṣì ń sinmi ni. Ọ̀nà jìn."

Ràṣídá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló kó wa yọ. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì di ohùn rẹ̀. Tí obìnrin tó ń ka ìròyìn bá la ẹnu, Ràṣídá á ní, "Ìjọba ti pàṣẹ pé kí Ìyá Ganí dá abọ́ wa padà." Tí ọkùnrin méjì bá ń jà nínú ìran, ẹran ọbẹ̀ la máa ń gbọ́ pé wọ́n ń jà lé lórí. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Ìyá Ganí fi fi tẹlifíṣọ̀n tiwọn tó ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń wá wo tiwa tí kò sọ̀rọ̀.

Ìyá mi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà tó lè tún un ṣe kò jókòó síbòmíràn, iwájú ṣọ́ọ̀bù Àlàájì ló wà. Ó ń fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ títí ààwẹ̀ fi dé, tí bàbá mi fẹ́ gbọ́ wáàsí. Bàbá mi ní, "Mi ò lè máa wo ẹnu Àfáà bí ẹni ń wo ẹja nínú omi." Bí ìyá mi ṣe fa ìborùn bojú nìyẹn, tí a gbé tẹlifíṣọ̀n náà lọ sí Ìdúmọ̀tà.

"Ìyá Lọ́ńdọ̀nù!" Igbe Àlàájì la gbọ́. "Ẹ káàbọ̀ o! Òtútù ńkọ́?"

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí," ni ìyá mi wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀.

Ẹnjiníà wá ohùn náà rí. Àmọ́ tí a bá fi owó tirẹ̀ kún owó ọkọ̀ àti ti èbúté, tẹlifíṣọ̀n ìdajì iye yẹn ti wọ́n ju ti Àlàájì lọ. Èmi tí mo dúró ti ìyá mi, mo gbé ohùn mi sókè: "Àlàájì, tó bá jẹ́ ìdajì ni wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún, ta ló ń jẹ ìdajì tó kù?"

Ìyá mi gbá mi ní ìpàkọ́. Àlàájì rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi wọ́. Ó nawọ́ sí apá ibi tí èbúté wà, ó nawọ́ sókè bí ẹni ń fi ilé àwọn ọ̀gá ìjọba hàn, ó nawọ́ sí jẹnẹrétọ̀ tó ń bú ramúramù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ló wá lá ìka ara rẹ̀. "Èmi, ìka ni mo lá."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi nílò kọ̀ǹpútà fún yunifásítì. Ràṣídá, tó ti di ará Lọ́ńdọ̀nù báyìí, fi iye ibẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo gba Ìdúmọ̀tà lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tajà pe iye, mo sọ iye Lọ́ńdọ̀nù fún un, ó ní, "Mọ́mì, ẹ lọ rà á níbẹ̀ nù un." Mo yí ẹ̀yìn padà, mo rìn jẹ́jẹ́. Kò pè mí. Fóònù ló ń tẹ̀. Mo padà, mo san án, mi ò bi í ní nǹkan kan.

Èmi tí mo ka ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé gboyè! Sìkírá kékeré tí kò tíì mọ ìṣirò pínpín ló láyà láti béèrè, èmi àgbà di ìbéèrè náà mọ́ kọ̀ǹpútà lọ sílé. Ó dùn mí ju owó náà lọ.

Nítorí náà, mo tún ń béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó ibodè, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòfin rẹ̀, ẹ̀yin tí náírà wà níkàáwọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà wọlé: ta ló ń jẹ ìdajì tó kù? À ń rí yín lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnu yín ń lọ sókè sódò, tẹlifíṣọ̀n tiwa sì ti lóhùn tipẹ́tipẹ́. Ìyá mi ti lọ sí ilé ìkẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbá mi ní ìpàkọ́ mọ́. Ẹ dá mi lóhùn.