Ọkùnrin Tó Ń Fọwọ́ Kan Igi

Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú bàbá mi. Mo wà ní Mesquite, lẹ́bàá Dallas, ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, lọ́yà sì ti kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá fi ẹsẹ̀ mi jáde ní Amẹ́ríkà, mo lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Àbúrò mi gbé fóònù sókè láàárín èrò. Mo rí fìlà, mo rí gèlè, mo rí ẹ̀gbẹ́ pósí fìrí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, àwòrán náà dúró sójú kan, kò yí mọ́. Ohùn nìkan ló kù. Mo gbọ́ ìró erùpẹ̀ lórí pákó, lẹ́yìn náà ni fóònù rẹ̀ kú. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọjọ́ iṣẹ́ mi sì ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí n tó sọ èyí tó kù ni pé n kò rí òkú bàbá mi. Ojú mi kò rí i, ọwọ́ mi kò kàn án. Tí wọ́n bá ní kí n búra pé ó kú, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni màá fi búra.

Ẹ̀ṣọ́ igbó ni bàbá mi nígbà ayé rẹ̀. Ìjọba ló gbà á síṣẹ́ nínú igbó ọba kan nítòsí Ìlaró, níbi tí wọ́n gbin igi tíìkì sí lọ súà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń tẹ̀lé e wọ inú igbó náà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀ka igi kan ti já lù ú lórúnkún ọ̀tún rí, nítorí náà ó máa ń wọ́ ẹsẹ̀ yẹn díẹ̀. Bó bá sì ti ń kọjá lára igi, á fi àtẹ́lẹwọ́ òsì kàn án, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá fọwọ́ kan ọmọ lórí. Kì í fo ọ̀kan. Mo bi í nígbà kan pé kí ló ń ṣe. Ó ní, “Mo ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ti dé.”

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú náà, ọmọbìnrin wa pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kò sí ohun tó wù ú ju kó rí yìnyín tó pọ̀ bí ti inú tẹlifíṣọ̀n. Ní Dallas, yìnyín lè bọ́ lọ́dún kan kó má bọ́ fún ọdún méjì. Tó bá sì bọ́, gbogbo òpópónà fíríwéè á dákẹ́, ilé-ìwé á tì, kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti di ẹrẹ̀. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Addison, wá ibì kan rí lórí òkè ní New Mexico, nínú igbó ìjọba àpapọ̀, níbi tí tọmọtìyá ti lè lọ yọ̀ gẹ̀rẹ́ lórí yìnyín. A gbéra láàárọ̀ Fúráìdé kan nínú oṣù Kejì, a fi gbogbo ọjọ́ wakọ̀, a sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kan nísàlẹ̀ òkè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gun òkè náà.

Bí a ṣe ń gòkè ni igi ń ga sí i. Igi páìnì ni gbogbo wọn, wọ́n ga fíofío, yìnyín bo èjìká wọn. Ilẹ̀ funfun, ojú ọ̀run funfun, èèyàn kò mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ igbó, wọ́n la ibi ìgbọ́kọ̀sí kan. Pátákó tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ sí wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan sì já wọ àárín igi. Lápá òsì ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àwọn ọmọdé ti ń jókòó sórí ike pẹlẹbẹ yọ̀ wálẹ̀. Lápá ọ̀tún, irin gbọọrọ kan dábùú ọ̀nà tó lọ sí ibùdó tí àwọn èèyàn ti máa ń pàgọ́. Obìnrin òyìnbó kan tó wọ aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ igbó sọ fún wa pé ìgbà ooru nìkan ni wọ́n ń ṣí ibùdó náà, pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ báyìí. Ó ní kí a má ṣe kọjá irin náà, nítorí pé kùrukùru lè bo ọ̀nà mọ́ èèyàn lójú kó tó mọ̀.

Mo gbọ́ ọ. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bá ọmọ mi yọ̀ kí ìbàdí mi tó sọ pé ó tó. Mo sọ fún ọkọ mi pé, “Dádì, mò ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí òtútù bá pọ̀, màá jókòó sínú mọ́tò díẹ̀.”

Ó ní, “Ó dáa. Má gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ.”

Nígbà tí mo jáde ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Yìnyín máa ń gbé ohùn mì. Àwọn ọmọ tó ń pariwo kò jìnnà sí mi ju ilé mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Mo gbójú sókè. Ọkùnrin kan ń rìn lọ ní ìhà kejì irin yẹn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ọrùn rẹ̀ dúdú. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀. Ó dé ìdí igi kan, ó na ọwọ́ òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó dé ìdí ìkejì, ó kàn án. Ìkẹta. Kò fo ọ̀kan.

N kò pariwo, n kò sì ronú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gba abẹ́ irin kọjá.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé yìí ti mọ ohun tó wà lẹ́nu mi. Nílé wa, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ àkúdàáyà, ẹni tó kú níbì kan tó lọ ń gbé níbòmíràn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń ná ọjà, ṣùgbọ́n tó bá ti fojú kan ará ilé rẹ̀ báyìí, á poórá. Ìyẹn ni n kò ṣe pè é. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá pè é, yóò lọ. Mo kàn ń tẹ̀lé e.

Ibùdó àgọ́ tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ kì í ṣe ibi tí ojú ń fẹ́ẹ́ rí. Wọ́n ri òpó kéékèèké mọ́lẹ̀, nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àdúgbò tí wọ́n kó gbogbo ilé inú rẹ̀ lọ tí wọ́n fi nọ́ńbà ilé sílẹ̀. Tábìlì onígi kan wà nídìí òpó kọ̀ọ̀kan. Yìnyín ti bo tábìlì wọ̀nyẹn, wọ́n gùn, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni tí wọ́n da aṣọ funfun bò ní wọ́ọ̀dù. Mo ti da aṣọ bo irú wọn rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Èéfín ń rú lẹ́nu mi bí mo ti ń mí. Mo ń wo ọkùnrin náà, èéfín kankan kò rú níwájú rẹ̀.

Mo yára. Òun kò yára, síbẹ̀ àlàfo tó wà láàárín wa kò dín. Nígbà tí a fi máa dé òpó tó gbẹ̀yìn, kùrukùru ti sọ̀ kalẹ̀. Mo rí ọwọ́ òsì rẹ̀ lára igi kan. Lẹ́yìn náà, igi nìkan ni mo rí. Ìgbà yẹn ni mo wá pè é.

“Bàbá!”

Ohùn mi kò lọ síbì kankan. Ó já bọ́ síwájú mi níbẹ̀.

“Bàbá, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kò sí ọ̀nà tí mo fi lè wá nígbà yẹn.”

Ẹnì kan kò dáhùn. Ẹyẹ kan kò ké. Mo yíjú sí ọ̀nà tí mo gbà wá, gbogbo rẹ̀ ti di funfun. Mo bá jókòó sídìí tábìlì tó gbẹ̀yìn, nínú yìnyín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún tí n kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú. Nígbà tó yá, òtútù náà kò dùn mí mọ́. Ara mi tiẹ̀ ń móoru. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí irú ooru bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí n dìde. N kò kàn dìde ni.

Ọkọ mi ló gbá mi mú ní èjìká méjèèjì tó fà mí dìde.

“Kí lò ń ṣe níbí? Kí ló gbé ọ dé ibí?”

Mo ní, “N kò pẹ́ tí mo dé.”

“O ò pẹ́? Ó ti lé ní wákàtí kan! Mo rò pé inú mọ́tò lo wà.”

Obìnrin òṣìṣẹ́ igbó náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọmọ wa lọ́wọ́ mú. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé mi. Kò bú mi. Ó kàn béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi bó ṣe mọ ibi tí mo wà, tó fi jẹ́ pé tààrà ló mú àwọn wá. Ọkọ mi ní ipasẹ̀ mi lòun tọ̀. Obìnrin náà wo ilẹ̀. Yìnyín ti ń bọ́ láti ìgbà pípẹ́, kò sì sí ipasẹ̀ kankan níbẹ̀ ju èyí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wá. Ó tún wo ọkọ mi.

Nígbà tí à ń padà sí Dallas, mo sọ fún un nínú mọ́tò pé, “Mo rí Bàbá.”

Kò gbé ojú kúrò lójú títì. “Òtútù ni,” ó ní. “Àárẹ̀ sì ni. Iṣẹ́ ọsibítù yẹn ti pọ̀ jù fún ọ.”

Ọmọ wa fi òyìnbó béèrè láti ẹ̀yìn pé bàbá ta ni mo rí. Ọkọ mi ní kó sùn.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ni mò ń ṣe. Ó ní bí mo bá ti ń kọjá ní kọ́rídọ̀, mo máa ń fi ọwọ́ òsì kan férémù ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, n kì í sì í fo ọ̀kan. N kò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ki ọwọ́ òsì bọ àpò.

Nígbà tí oṣù Kẹwàá wọlé, mo gba àyè ọjọ́ mẹ́ta níbi iṣẹ́ fún oṣù Kejì tó ń bọ̀, mo sì gba yàrá kan sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ òkè. Yàrá ẹnì kan. Ọkọ mi rí i lórí kọ̀ǹpútà ilé. Àárọ̀ Sátidé ni, ó ń dín ẹyin lọ́wọ́. Ó pa iná.

“Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?”

“Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe.”

Ó fa àga, ó jókòó. Díákónì ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí àwọn èèyàn bá ń pa ìtàn iwin, ńṣe ló máa ń dìde kúrò láàárín wọn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí.

“N kò tọ ipasẹ̀ kankan lọ́jọ́ yẹn,” ó ní. “Ọkùnrin kan ló wá dúró tì mí nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ọmọ ni mò ń wò, n kò wo ojú rẹ̀. Ó ní, ‘O kú ìtọ́jú ọmọ.’ Mo ní, ‘Ẹ ṣé, sà.’ Ó ní, ‘Ìyàwó rẹ wà nídìí tábìlì tó gbẹ̀yìn ní ibùdó tó wà lẹ́yìn irin yẹn. Lọ mú un kúrò nínú òtútù.’ Mo ti ń sáré lọ kó tó yé mi pé Yorùbá ló sọ. Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.”

“Ta ni?”

“O mọ̀ pé n kò fojú kan bàbá rẹ rí. Orí fóònù la ti máa ń kí ara wa. Ohùn yẹn ni.”

Inú bí mi gan-an. Oṣù mẹ́jọ ló fi gbé e pamọ́. Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé mo tẹ̀lé bàbá mi, mo pè é, mo sunkún, kò dá mi lóhùn, ó sì lọ bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

“Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ, wàá padà lọ. Ìwọ náà wò ó, n kò sọ, o ṣì fẹ́ padà lọ.” Ó gbé ojú sókè. “Kò ní kí n mú ọ wá bá òun. Ó ní kí n mú ọ kúrò.”

Mo fagi lé òtẹ́ẹ̀lì náà kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ìwé mi ti jáde láti nǹkan bí ọdún kan, èmi ni n kò tíì ní ìgboyà láti lọ sílé. Ní oṣù Kejìlá, mo lọ.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, oòrùn ti mú kí sìmẹ́ńtì náà gbóná bí ààrò. Alángbá kan dúró sí ìhà orí, ó ń wò mí. Mo sọ ohun tí mo ní í sọ. Mo wá lọ bá màmá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, látorí irin tó dábùú ọ̀nà títí dé orí ohùn tí ọkọ mi gbọ́.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Bàbá rẹ tí kì í fi omi tútù wẹ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn? Inú yìnyín ló wá lọ ń gbé?”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àtẹ ẹ̀wà náà. Ó wo ojú ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àìsàn tó pa á yẹn jẹ ẹ́ tán kó tó lọ, o ò rí i. Gbogbo ẹ̀wù rẹ̀ ló ń bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Èyí tí o rí yẹn, ṣé ó ti sanra díẹ̀?”

“Ó ti sanra díẹ̀, Màmá.”

Ó mi orí pé ó dáa, ó fẹ́ èérí kúrò lójú àtẹ, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.