Ojú Ìwé Mẹ́ta Tó Kù

Ẹ wo Mìsítúrà nínú bọ́ọ̀sì 381 ní Lọ́ńdọ̀nù, tó káwọ́ mọ́ báàgì láyà, tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ má rò pé orí ẹ̀ ti dà rú o. Kéwú ló ń ké. Láti ilé màmá òyìnbó arúgbó tó ń tọ́jú ní Surrey Quays títí dé Peckham, ohun tó ń ṣe nìyẹn, ọdún mẹ́ta rèé.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe wòlímà, ayẹyẹ ìparí Kùránì, ní Ìwó, ọmọ ọlọ́mọ lòun ń pọ̀n kiri. Ó dùn ún wọra. Ló bá búra pé òun ò ní kú láìka Kùránì tán. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, tó bá ti kù díẹ̀ báyìí, shift á gbé e lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ìwé mẹ́ta péré ló kù, òní Sátidé sì ni gbèdéke tí àáfà tó ń kọ́ àwọn àgbà ní kéwú ní mọ́sáláṣí Peckham fún wọn: ẹni tí kò bá kà á tán kí wọ́n tó kírun Àsárì, ó di àmọ́dún.

Fóònù dún. Fẹ́rànmí ni, ọmọbìnrin tó ń pín shift ní ọ́fíìsì wọn.

"Mummy mi dáadáa, ẹ ṣàánú mi. Ẹnì kan ti call in sick. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí Surrey Quays, two hours péré."

"Kò burú, ọmọ mi." Ẹnu ti sọ ọ́ kí ọkàn tó gbọ́.

Yéè! Ó bọ́ sílẹ̀ ní Rye Lane. Ó kọjú sí mọ́sáláṣí, ó tún kọjú sí ibùdókọ̀. Ó rìn díẹ̀, ó padà.

"Aunty, ṣé ẹ sọ nǹkan nù ni?" oníṣu kan bi í.

Inú ń bí i sí ara rẹ̀. Agbára káká ló fi pe Fẹ́rànmí padà.

"Mi ò lè wá mọ́."

"Ah! Ṣé ara yín ò yá ni, Mummy?"

Irọ́ ti dé orí ahọ́n. Ó gbé e mì. "Ara mi le koko. Kéwú ni mo fẹ́ lọ ké."

"Okay now, no wahala. Jabez tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ti ní òun available láti àárọ̀. Ẹ̀yin ni mo kàn máa ń kọ́kọ́ pè, torí pé ẹ kì í kọ̀."

Mìsítúrà dúró gbagidi. Ọdún mẹ́ta! Ṣé èèyàn wà nílẹ̀ látọjọ́ yìí? Ó fẹ́ sunkún, ó fẹ́ bú ọmọ náà, ó fẹ́ gbá ara rẹ̀ létí. Àsárì ò sì ju ogójì ìṣẹ́jú mọ́. Ó pa fóònù, ó ká etí jálàbíà rẹ̀ sókè, ó sì sáré gba ọ̀nà mọ́sáláṣí.