Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì Lydie

Ní ọdún 1975, ní Savalou, dókítà yọ kókó kan níwájú etí òsì Lydie. Kókó tí kì í pani. Ó tó ẹyin ẹtù. Ojú ọgbẹ́ jinná, ẹnu Lydie ò wọ́, kókó náà ò sì hù mọ́. Ó padà sí Bantè bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Àfi òógùn. Nígbà tó pé ọdún kan, bó bá ti ń jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn á máa làágùn. Òsì nìkan. Agboolé fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Zacharie, ọkọ rẹ̀, ló burú jù.

"Ìyàwó mi ò lè jí ẹran jẹ láéláé! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á fẹjọ́ sùn."

Lydie á rẹ́rìn-ín, á fi etí aṣọ nù ún.

Ọdún 1983. Ibà dá Germaine dúbúlẹ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ ò ràn án. Ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ bá wọn gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Kò sóúnjẹ, kò sómi. Wòlíì Ésaïe ní bí ẹnì kan bá fẹnu kan nǹkan, àdúrà ti bàjẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Ọyẹ́ mú. Lẹ́yìn ọgbà ìjọ, ẹnì kan ń sun iṣu. Òórùn rẹ̀ wọlé. Lórí ìkúnlẹ̀ tí Lydie wà, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí aṣọ funfun rẹ̀.

"Lydie," ni Ésaïe wí, "kí lo jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan, Bàbá."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ńkọ́?"

Ó wo ọkọ rẹ̀. Zacharie ń wo òógùn náà.

"Òórùn yẹn ni. Ẹ gbà mí gbọ́. Òórùn lásán ni."

Germaine kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ọdún méje. Zacharie ò lé e, kò nà án. Kò kàn jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ni. Lydie ń dá jẹun, á kọjú sí ògiri. Nígbà mìíràn á bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé mi ò jẹ nǹkan kan lóòótọ́? Bóyá itọ́ ni mo gbé mì.

Ní 1990, dókítà mìíràn ní Savalou yẹ àpá náà wò. Ó ní ó jinná dáadáa. Lydie bi í nípa òógùn. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún un: iṣan tó ń pe itọ́ ni iṣẹ́ abẹ kàn, nígbà tó tún hù, ó ṣìnà, òógùn ló ń pè. Òórùn oúnjẹ nìkan tó láti mú un jáde. Ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé."

Zacharie ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Faransé ni.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín."