Ẹní tí A Tẹ́ fún Ọbẹ̀dò

Àbúrò bàbá ọkọ mi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, inú rere ni wọ́n sì fi dá a sílẹ̀. Màmá Ṣakí là ń pè wọ́n. Wọ́n wá kí wa ní Bódìjà ní bí àárín àwọn ọdún 1980, wọ́n jókòó sí pálọ̀, Bàbá, ìyẹn bàbá ọkọ mi tí a jọ ń gbé, sì nawọ́ sí àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja òkun sí.

"Ṣé o rí wọn?"

Màmá Ṣakí na ọrùn wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo rí wọn, bọ̀dá mi. Wọ́n mà dára o!"

Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè rí ẹja kankan nínú omi yẹn nígbà náà. Ọbẹ̀dò ti bò ó, ohun tútù tó ń yọ̀ yẹn, tí ẹ máa ń rí lára ìkòkò omi tí wọn ò fọ̀. Omi gan-an ti dà bí èyí tí wọ́n fi fọ ẹ̀fọ́. Màmá Ṣakí kàn fẹ́ yẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn sí ni. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Bàbá ò ti rí ẹja náà, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àbúrò wọn ní òun rí i, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n gbà pé ojú ló ń lọ.

Ẹ̀rù yìí kì í ṣe kékeré nínú ìdílé wọn. Bàbá tó bí wọn fọ́jú, ẹ̀gbọ́n wọn náà fọ́jú, díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sí balùwẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Wọn ò ka ìwé ìròyìn mọ́. Ọkọ mi ní kí àwọn jọ lọ sí ọsibítù, wọ́n kọ̀.

"Tí dókítà bá ti sọ ọ́, ó ti di òótọ́ nìyẹn."

"Bàbá, omi ló dọ̀tí. Ojú yín dáa."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi."

Ohùn tí èèyàn fi ń dá àwọn tó wá bá a kẹ́dùn lóhùn ni wọ́n fi sọ ọ́. Kí lèèyàn fẹ́ wí? Ta ló ń sọ fún àgbàlagbà lójú ara rẹ̀ pé ojú rẹ̀ ń fọ́? Bàbá mọ̀ pé bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ohun kan náà la ó sọ.

Ó ku kí omi náà mọ́. Ìyẹn ti rọrùn rí. Ẹnu iṣẹ́ èbúté l'Ékòó ni Bàbá ti fẹ̀yìn tì, awakọ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn a sì máa bu omi òkun sínú kẹ́ẹ̀gì wá fún wọn. Awakọ̀ náà fiṣẹ́ sílẹ̀, omi ò dé mọ́. Omi òkun kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré lọ pọn ní Dùgbẹ̀. A nu gíláàsì títí, kò ní pẹ́ tí ọbẹ̀dò á tún padà.

Ọkọ mi, tó ń kọ́ni nílé ìwé kan l'Ágbowó, ló rí i kà nínú màgásìnì àtijọ́ kan. Ó ní oúnjẹ ló ń fa ọbẹ̀dò wá: edé lílọ̀ tí Bàbá ń dà sómi, àti ìgbẹ́ ẹja. Tí a bá tẹ́ ẹní fún un síbi tí oòrùn wà, tí omi ń ṣàn, ibẹ̀ ni yóò lọ jókòó sí tí yóò ti máa jẹun, ti inú gíláàsì á sì kú.

Bàbá gbọ́ láti orí àga wọn. "Ẹ fẹ́ gbin ọbẹ̀dò kí ọbẹ̀dò lè tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé bí o ṣe ń lé eku náà nìyẹn? O máa ń se ìrẹsì fún un ní ẹ̀yìnkùlé?"

"Bí kò bá ti ní wọlé mọ́, Bàbá, màá fi ẹran sí i."

A bẹ̀rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ni ẹní náà, onírọ́bà, nítorí iyọ̀ á jẹ onírin. Mo ṣẹ́ ẹ po, mo fi okùn ìpẹja rán etí rẹ̀. Ọkọ mi fi í ha ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì títí ara rẹ̀ fi rí ṣákiṣàki, kí ọbẹ̀dò lè ríbi dì mú. Ó fi ìṣó gbígbóná lu páìpù rọ́bà níhò, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń fa omi nínú àpótí náà. A gbé abọ́ rọ́bà tí a ti lu ihò sí nísàlẹ̀ sórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, a tẹ́ nẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀ kó dagun díẹ̀. Omi ń ti ihò páìpù ṣàn lé e lórí, ó ń ro padà sọ́dọ̀ ẹja. Mo fi ìró mi àtijọ́ kan bo ara àpótí tó kọjú sí fèrèsé kí oòrùn má baà débẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ̀rọ á dákẹ́, èmi á sì máa fi ife bu omi lé nẹ́ẹ̀tì lórí kó má baà gbẹ.

Nǹkan kan ò kọ́kọ́ hù. Nígbà tó yá, ohun kan tó pọ́n bí ilẹ̀ bò ó, lẹ́yìn náà ni nǹkan tútù wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ hù bí irun orí ọmọ tuntun. Ọwọ́ ń yún mi láti fọ̀ ọ́. Ẹ rò ó wò, kí àlejò wọlé kó bá ọbẹ̀dò lójú fèrèsé pálọ̀ mi! Apá kan péré là ń họ dànù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, a ó fi ìyókù sílẹ̀ kó tún hù.

Gíláàsì tí a nù bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó ṣú. Omi ń mọ́ bọ̀. Ẹ̀rù mìíràn wá ń bà mí tí mi ò sọ fún ọkọ mi: tí omi bá mọ́ tán tí Bàbá ò sì rí nǹkan kan ńkọ́? Nígbà tó dọ̀tí, a ṣì rí nǹkan dá lẹ́bi. Bàbá náà ti rò ó. Wọ́n yí àga wọn padà, wọ́n kẹ̀yìn sí àpótí náà.

Àárọ̀ Sátidé kan, Màmá Ṣakí tún dé. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi figbe ta níwájú gíláàsì.

"Yéè! Bọ̀dá mi, ṣé ẹja wà níbí tẹ́lẹ̀ ni?"

Bàbá ò yíjú. "Ṣebí o rí wọn níjọ́sí."

"Níbo? Omi ẹ̀fọ́ ni mo rí! Mo kàn ń yẹ́ yín sí ni."

"O ní o rí wọn!"

"Ṣé kí n wá sílé yín wá bú ẹja yín ni?"

Bàbá dìde. Wọ́n yí padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ gíláàsì. Àwọn ẹja kéékèèké náà ń lé ara wọn kiri, ara wọn pọ́n bí ìyeyè, ilà dúdú wà lára wọn. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú.

"Kí ló ṣe ìrù eléyìí?" ni Bàbá wí. "Ó ti ya."

A sáré wò ó. Ìrù ọ̀kan ti ya lóòótọ́, ibi tó ya náà tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ aránṣọ jẹun ò tètè rí i.

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá kọjú sí àbúrò wọn. "Òpùrọ́ obìnrin yìí! O fọ́ mi lójú láti Ṣakí!" Màmá Ṣakí ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ń bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí Bàbá bú wọn tán, wọ́n gba àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí balùwẹ̀, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lẹ́yìn.