Irin Kékeré Inú Ìbọn Bàbá Mi

Bí òórùn kẹrosíìnì bá kan imú mi báyìí, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Jojú ni mo máa ń rántí. Bàbá mi, tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngó, tú ìbọn ṣọ́jà àtijọ́ rẹ̀ sórí ẹní. Ìyá mi gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, torí a kì í gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ìbọn. Èmi ń fi àkísà nu àwọn irin rẹ̀.

“Bàbá, kékeré yìí ti kán.”

“Òun ló ń gún ìdí ọta. Láìsí i, ìbọn kò lè dún.”

“Ṣé kí n gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ iwájú ilé wa?”

“Fi sílẹ̀. Ṣáà nu ara ìbọn kó máa dán.”

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà lé dànù ló ń fo ọgbà wọlé, bàbá mi sì mọ̀ wọ́n lórúkọ.