Ọmọ Ajá Mi àti Ológbò Ìyá Àgbà

"Kúnlẹ̀! Mo ní kí o kúnlẹ̀ kí ìyáálé rẹ!"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ajá ló sì ń sọ ọ́ fún. Ó fi ọwọ́ kan di ọmọ ajá mi mú lẹ́yìn ọrùn, ó fi ìkejì tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ológbò. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ kí ẹni tó bá nílé kí àlàáfíà tó lè wà. Ajá ń ké. Ológbò ti ká ẹ̀yìn bí ọrun, ìrù rẹ̀ wú bí ìgbálẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti fi èékánná ya ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́wọ́, ó fò lé orí apẹ̀rẹ̀ èkùrọ́, láti ibẹ̀ ó gba òkè àjà lọ. Apẹ̀rẹ̀ dojú dé, èkùrọ́ fọ́n ká gbogbo ilẹ̀.

Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí ìyá mi, wà lórí àpótí níbi tó ti ń pa èkùrọ́. Kò dìde. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó ti dá ọ lóhùn. Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?"

Ọ̀tà là ń wí yìí o. Nígbà náà, igbó ló pọ̀ jù ní ọ̀nà Ṣàngó, kò tíì sí ilé-iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní oko. Wọ́n fi mí ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, èmi àti ọmọ ajá kan tí ìyá mi mú fún mi nígbà tí ajá wa bímọ. Yàtọ̀ sí aṣọ ọrùn mi, òun nìkan ni mo mú wá. N kò mọ ìyá àgbà dáadáa. N kì í bá a sùn lórí ẹní. Ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí ajá mi wà, ni mo máa ń sá lọ. Kò fà mí jáde. Ó kàn máa ń gbé aṣọ ìbora sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ fún mi.

Àdín ló ń ṣe tà. Láàárọ̀, wàá máa gbọ́ òkúta lórí òkúta, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Tó bá di ọ̀sán, èkùrọ́ tó ń yan nínú agbada á máa ta, èéfín rẹ̀ á dúdú, òórùn rẹ̀ á wọ irun, á wọ aṣọ, á wọ oúnjẹ pàápàá. Àwọn eku sì fẹ́ràn èkùrọ́ gan-an. Ológbò yẹn ló ń ṣọ́ ohun tí à ń jẹ nílé.

Àmọ́ látìgbà tó ti gun òkè àjà, ó kọ̀, kò sọ̀ mọ́. Eku bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èkùrọ́ bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìnáwó. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rí i, inú bí i.

"Ìyá, mò ń lọ ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Tí mo bá dé tí ológbò yìí ò tíì sọ̀, màá mú ajá yìí lọ fún ọdẹ. Ilé yìí ò gba àwọn méjèèjì."

Mo gbá ajá mi mọ́ àyà. Ìyá àgbà ní, "Máa lọ ire. Tọ́jú ọwọ́ rẹ yẹn kó tó wú."

Bó ṣe lọ tán, ìyá àgbà pè mí. "Ìwọ, gbé ìyàwó wá."

Ajá ló ń pè ní ìyàwó. Ó bu omi sínú igbá, ó gbé ajá sí ẹnu ọ̀nà, ó da omi sí i lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọ́n ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ. Ajá ń lá omi náà. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Má rẹ́rìn-ín. Ìyàwó tí a ò wẹ ẹsẹ̀ fún, ta ló fẹ́ mọ̀ pé ó ti dé?"

Ó fi àkísà nu ajá gbẹ, ó fi àdín díẹ̀ pa á lára. Òórùn àdín kì í kúrò lára ológbò, nítorí orí àpò èkùrọ́ ló máa ń sùn. Ìyá àgbà ní, "Imú ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Jẹ́ kó kọ́kọ́ máa rùn bí ará ilé." Lẹ́yìn náà ó ju àkísà yẹn sókè àjà. A gbọ́ bí ológbò ṣe ń gbóòórùn rẹ̀. Kò sọ̀.

Ó wá so ajá mọ́ ẹsẹ̀ àpótí tó ń jókòó lé. Tí oúnjẹ bá délẹ̀, ti ológbò ló máa ń kọ́kọ́ gbé sórí àpò, níbi gíga, kó tó gbé ti ajá sílẹ̀. Mo fẹ́ fún ajá mi ní tirẹ̀ ṣáájú nítorí ebi ń pa á, ṣùgbọ́n ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó wo lo rí tó ń jẹun ṣáájú ìyáálé? Tó o bá fún un ṣáájú, ìjà lò ń wá fún un."

Ojú ológbò la kọ́kọ́ rí lẹ́nu ihò àjà. Nígbà tó yá, ó sọ̀ dé orí àpò. Ìyá àgbà ò tilẹ̀ yíjú sí i. Ó ń pa èkùrọ́ rẹ̀ lọ. Tí ajá bá gbó, á fi ẹsẹ̀ tẹ okùn mọ́lẹ̀. Tó bá dákẹ́, á ju orí ẹja gbígbẹ sí i. Ó ní kí èmi má sáré, kí n má pariwo, kí n ṣáà máa ṣa èkùrọ́ kúrò nínú èèpo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ológbò rìn wá, ó ń gbóòórùn ìdí ajá. Ajá yí padà kíá, ó fẹ́ bá a ṣeré. Pá! Ológbò gbá a létí.

Mo figbe ta. "Ìyá àgbà, ó ti pa á!"

"Kò pa á. Wo etí rẹ̀."

Mo wò ó. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ojú èékánná.

"Ọwọ́ lásán ló fi gbá a," ni ìyá àgbà wí. "Ẹni tó ń bá ọ wí, tó pa èékánná mọ́, ó ti ń gbà ọ́ mọ́ra nìyẹn."

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi dé. Okùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sá sẹ́yìn ìyá àgbà, mo di ìró rẹ̀ mú. N kò dì í mú bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yọjú sínú ilé ìdáná. Ológbò wà lórí àpò, ajá dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ àpò kan náà. Ìrù ológbò ń jù fìrìfìrì lókè orí ajá, ajá ń wò ó, kò fẹnu kàn án. Òkú eku kan wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Wọn ò tíì fẹ́ràn ara wọn."

"Ta ló bi ọ́ nípa ìfẹ́? Wọ́n ń gbélé. Lọ bọ́ aṣọ tútù yẹn, kó o wá jẹun."

Ó ká okùn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi ṣì wà lẹ́yìn ìyá àgbà. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò mí, ó fi ọwọ́ tó kún fún àdín pa mí lórí. Láti ọjọ́ náà, n kò sùn ní ilé ìdáná mọ́.

Ilé yẹn ò sí mọ́, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ìjòkó, nítòsí Ọ̀tà, ni mò ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ bàbá rẹ, ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí. Nígbà tí ẹ gbé ajá kékeré wọlé lọ́jọ́sí, tí ológbò yín gun orí fíríìjì, tí gbogbo yín ń pariwo, ẹ rò pé ariwo yín ló mú kí n dìde kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń wá ibi tí màá ti sunkún ni.

Nígbà tí bàbá rẹ mú ìyá rẹ wálé, ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, mo ń bá tèmi lọ, títí òun fúnra rẹ̀ fi wá jókòó tì mí lọ́jọ́ kan tó ní kí n di irun fún òun. Àwọn ará àdúgbò ní mo ní sùúrù. Wọn ò mọ ẹni tí mò ń wò kọ́ṣe.

Mo ti dàgbà ju bí ìyá àgbà ṣe dàgbà nígbà náà lọ. Gbogbo yín lẹ máa ń sá wá sẹ́yìn mi tí ohun kan bá lé yín, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà míràn, tí ẹ bá ti jáde tán tí ilé dákẹ́, èmi náà a máa wá ẹ̀yìn tí màá sá sí.